Bí okùn ṣe ń gba orúkọ lọ́dọ̀ iṣẹ́ rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí oríṣiríṣi orúkọ tí Yorùbá ń pe okùn ti ṣẹ̀ wá kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ béèrè bí okùn náà ti nípọn tó, tàbí ara igi tí wọ́n ti bó o. Iṣẹ́ tí okùn náà ń ṣe ni kí ó béèrè. Okùn ni orúkọ àjùmọ̀jẹ́ gbogbo wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ti ya ọ̀kan sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kan pàtó, ó sábà máa ń fi orúkọ àjùmọ̀jẹ́ yẹn sílẹ̀, tí yóò sì ní tirẹ̀.

Inú igbó ni okùn àkọ́kọ́ ti wá. Ìtàkùn ti ń so igi mọ́ igi kí ẹnikẹ́ni tó jókòó láti lọ́ okùn, a sì ń gbọ́ okùn nínú orúkọ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbọ́ ọ nínú alántakùn, ẹ̀dá tí ń ta okùn láti inú ara òun fúnra rẹ̀. Àgbẹ̀ tó fẹ́ di igi ìdáná kò ní wá okùn ọjà. Ìtàkùn tó wà nítòsí ni yóò gé. Àwọn tó sọ pé ìtàkùn tó ní kí erin má wọdò, tòun terin ni yóò lọ, mọ ibi tí agbára ìtàkùn mọ.

Igbà ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Okùn tí ẹlẹ́mu àti akọ̀pẹ fi ń gun ọ̀pẹ ni: ó yí ara ọ̀pẹ po, ó sì yí ẹ̀yìn ẹni tó ń gùn ún ká. Bí akọ̀pẹ bá fẹ́ gòkè, yóò tẹ̀ síwájú mọ́ ọ̀pẹ kí igbà lè dẹ̀, yóò jù ú sókè díẹ̀, yóò wá fi ẹ̀yìn tì í kí ó tún le, kí ẹsẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó dàgbà sí ìgboro kò rí igbà rí. Nínú ẹ̀kọ́ àmì ohùn ni wọ́n ti bá a pàdé, níbi tí olùkọ́ ti tò ó pọ̀ mọ́ igbá, igba àti ìgbà. Ní tiwọn, iṣẹ́ tó kù fún igbà nìyẹn.

Okùn ọrun ọdẹ ń jẹ́ ọsán, àìsí rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń sọ pé ọsán já, ọrun di ọ̀pá. Orúkọ kan náà ni àwọn onílù ń pe awọ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ojú méjèèjì dùndún pọ̀. Ìdí rẹ̀ kò fara sin, nítorí pé fífà le ni iṣẹ́ méjèèjì: bí onílù bá fi apá fún ọsán mọ́ ìhà, awọ ojú ìlù á le, ohùn rẹ̀ á sì lọ sókè. Ìjánu ní tirẹ̀ bá ẹṣin rìn. Òkè ọya ni ẹṣin ti ń wá sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun Ọ̀yọ́, kì í sì í pẹ́ láyé nínú igbó nítorí eṣinṣin tí ń pa á. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gun ẹṣin rí lónìí ṣì ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kí ó kó ara rẹ̀ ní ìjánu.

Nígbà tí a ń ná owó ẹyọ, okùn tún di ohun tí a fi ń ka owó. Ẹyọ 40 ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. 50 irú okùn bẹ́ẹ̀ jẹ́ 2,000, ìdì mẹ́wàá irú èyí sì jẹ́ 20,000, tí í ṣe ọ̀kẹ́ kan. Okùn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí a fi rọ́bà àti náílọ́ọ̀nù ṣe, kò tilẹ̀ gba orúkọ tuntun. A kàn so iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ okùn ni: okùn ìfami, okùn ìsáṣọ, okùn bàtà.

Èyí tí kò tẹ̀ lé ìlànà yìí ni ìko, tí wọ́n ń bó lára ọ̀dọ́ ewé igi ògùrọ̀, tí ó sì ń jẹ́ ìko yálà wọ́n fi so nǹkan tàbí wọn kò fi so ó. Dípò kí iṣẹ́ fún un lórúkọ, òun ló fún iṣẹ́ lórúkọ. Àwọn aláró Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn a máa ká aṣọ funfun jọ, wọn a fi ìko dì í pinpin, nígbà mìíràn pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́ nínú, wọn a sì rẹ ẹ́ sínú aró ẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n bá tú u, ojú ibi tí ìko ti fún aṣọ yóò yọ ní funfun, ó rí roboto bí òṣùpá. Àdìrẹ oníko nìyẹn. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, tí aṣọ òyìnbó tó fúyẹ́ ti pọ̀ lọ́jà, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ kí aró má baà mú ibẹ̀. Wọn kò ká aṣọ yìí jọ, okùn kankan kò sì kàn án, síbẹ̀ àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni wọ́n sọ ọ́, tí dídì ṣì wà nínú orúkọ rẹ̀.