Kọ̀ǹpútà lórí kẹ̀kẹ́: ẹ̀yìn ni àbí káríà?

Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ ò tó àwọn tó ń gun zémidjan, ìyẹn ọ̀kadà, ṣùgbọ́n wọ́n wà: tíṣà, akẹ́kọ̀ọ́, akọ̀wé, àwọn tó ń bá ilé iṣẹ́ kéékèèké ṣe ìṣirò owó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká lọ, tí wọ́n tún ń gbé e bọ̀. Ìbéèrè wọn jọra, mo wá kó wọn jọ síbí pẹ̀lú èsì tí mo máa ń fún wọn.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, Àjàrá ni mò ń gbé, iṣẹ́ mi sì wà láàárín ìgboro Àjàṣẹ́. Tí mo bá gbé kọ̀ǹpútà kọ́ ẹ̀yìn, kí n tó débẹ̀, ẹ̀wù mi á ti rin gbingbin fún òógùn, èjìká á sì máa ro mí. Ẹnìkan ní kí n gbé e sórí káríà. Ẹlòmíì ní tí mo bá dán an wò, ó máa bàjẹ́. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

Ìdáhùn: Àwọn méjèèjì ló sọ òótọ́, òun ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rú èèyàn lójú. Ibi tó dẹ ẹ̀yin lọ́rùn kọ́ ló dẹ kọ̀ǹpútà lọ́rùn.

Nígbà tó bá wà lẹ́yìn yín, ara yín ló ń gba ìyà náà fún un. Táyà bọ́ sí kòtò, kẹ̀kẹ́ fò, orúnkún àti ìgbọ̀nwọ́ yín tẹ̀, ìdí yín gbéra díẹ̀ lórí ìjókòó, ohun tó kù tó dé ẹ̀yìn ò tó nǹkan mọ́. Káríà ò ní orúnkún. Irin ni, irin ni wọ́n dè é mọ́, orí táyà ẹ̀yìn gan-an ló sì wà. Ẹ wo àwọn òpópónà tí wọ́n fi òkúta tò, èyí tá à ń pè ní pavé. Lójú, wọ́n tẹ́jú ju ọ̀nà oníyanrìn lọ. Ẹ sọ pé kí ẹnìkan máa ti kẹ̀kẹ́ lọ lórí ẹ̀, kí ẹ̀yin gbé àtẹ́lẹwọ́ lé káríà. Bó ṣe máa gbọ̀n rìrìrì dé ọrùn ọwọ́ yín nìyẹn, láìsí kòtò kankan lọ́nà.

Ohun tí èmi máa sọ ni pé tí ìrìn náà ò bá ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ẹ gbé e kọ́ ẹ̀yìn, kí ẹ gbàgbé. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ bíi ti Àjàrá yín, ẹ gbé e kúrò lára yín, ṣùgbọ́n ẹ ṣètò ibi tó máa wà. Ẹni tó kàn jù ú sórí káríà ni nǹkan ẹ̀ ń bàjẹ́.

Ìbéèrè: Kí ni gbígbọ̀n yẹn ń bà jẹ́ gan-an? Kọ̀ǹpútà mi ò já bọ́ rí.

Ìdáhùn: Ọwọ́ irú èyí tẹ́ ẹ ní ló wà. Nínú àwọn tó ti pẹ́ díẹ̀, pàápàá àlòkù tó ń ti Yúróòpù wá, wọ́n ń tọ́jú iṣẹ́ yín sórí àwo kan tó ń yí bírí nínú ẹ̀, ìgbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan nínú èyí tó wọ́pọ̀. Ọwọ́ irin kékeré kan ló ń kàwé lórí àwo yẹn, kò sì fara kàn án rárá. Àlàfo tó wà láàárín wọn ò tó ìdá kan nínú 1,000 ìwọ̀n sísanra irun orí. Tí àwo bá ń yí lọ́wọ́ tí kẹ̀kẹ́ wá bọ́ sí kòtò, tí ọwọ́ yẹn fi kan àwo, ó ha á lára nìyẹn. Ìwé tí ẹ kọ síbẹ̀ lè lọ pátápátá.

Àwọn tuntun ń lo SSD, oríṣi ibi ìtọ́jú iṣẹ́ mìíràn. Kò sí ohun tó ń yí nínú ẹ̀, gbígbọ̀n ò sì rí i gbé ṣe. Tí ẹ ò bá mọ irú tiyín, ẹ tàn án níbi tó dákẹ́ rọ́rọ́, kí ẹ gbé etí lé e. Fáànù máa ń fẹ́ fùùù. Tí ẹ bá tún gbọ́ ohun kan tó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ibi tí ọwọ́ ń sinmi lé, àwo tó ń yí nìyẹn.

Ohun tó kù kò yọ SSD sílẹ̀: ìdè kéékèèké máa ń tú, ihò tá a ń ki okùn iná sí máa ń mì. Èyí tí mo rí jù ni ojú dígí tó fọ́ nítorí pé nǹkan tẹ̀ ẹ́ nínú àpò.

Ìbéèrè: Ó dáa, báwo ni kí n ṣe gbé e sórí káríà?

Ìdáhùn: Ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja kí ẹ wá fi rọ́bà tíúbù dè é. Rọ́bà yẹn, èyí tí àwọn fọganáísà ń gé ní gígùn-gígùn tí gbogbo wa fi ń di ẹrù, agbára ẹ̀ ju ohun tẹ́ ẹ rò lọ. Ẹ fà á kó le, ó ń tẹ ìdérí kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀. Gbogbo ìgbà tí táyà bá lu òkúta ló tún ń fi kún un. Ẹ máa délé, ẹ máa tàn án, ẹ máa rí ìlà dúdú kan lójú ẹ̀ látòkè délẹ̀, ẹ ó sì máa búra pé kò já bọ́. Òótọ́ ni, kò já bọ́.

Àpò tó ń rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ káríà ni mo fara mọ́. Àwọn tó ń ti òkè òkun wá wọ́n púpọ̀, ṣùgbọ́n télọ̀ tó ń rán báàgì ilé ìwé lè fi tapólì rán an fún yín. Kí ó tó gé aṣọ, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ lọ bá a. Ẹ jókòó lé e, ẹ yí pẹ́dà, kí ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí gìgísẹ̀ yín ń bá lọ sẹ́yìn. Ẹ̀yìn àmì yẹn ni àpò gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ ò bá ṣe èyí, gbogbo bí ẹ ṣe ń yí pẹ́dà lẹ ó máa fi gìgísẹ̀ gbá kọ̀ǹpútà. Kó fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tàbí ike líle sí ojú tó kọ sí táyà, kí àpò má baà wọ́ sínú wáyà táyà. Ìkọ́ méjì lókè ò tó. Ẹ wá okùn kan tó máa fa ìsàlẹ̀ ẹ̀ mọ́ irin kẹ̀kẹ́, kó má máa jó lọ jó bọ̀.

Nínú àpò yẹn, kọ̀ǹpútà á dúró ní ìnàró, kò ní sùn. Ìsàlẹ̀ ẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Gbogbo èèyàn ló máa ń sáré lọ tọrọ fóòmù bẹ́ẹ̀dì, ó sì rọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹrù kìlógíráàmù méjì bá jókòó lé e, ó máa pẹlẹbẹ, kọ̀ǹpútà á wá bá irin pàdé bíi pé kò sí nǹkan kan láàárín wọn. Tó bá sì tọ́ omi wò, ó máa fà á mu bíi kànrìnkàn, á wá máa rọra fi rin kọ̀ǹpútà yín títí di ọ̀sán. Fóòmù tí wọ́n fi ń ṣe àtẹ́lẹ̀ sìlípáàsì ló dáa fún ìsàlẹ̀: ó le díẹ̀, kì í mu omi. Ẹ to méjì léra wọn. Ẹ lè fi èyí tó rọ̀ yí ẹ̀gbẹ́ ká.

Ẹ fi aṣọ wé ṣájà, kí ẹ tì í sí igun ìsàlẹ̀, kó jìnnà sí ìdérí. Àkàsà àti ọbẹ̀ yín, ẹ wá ibòmíì fún wọn.

Ohun kan wà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀, ó sì ju fóòmù lọ: afẹ́fẹ́ táyà. Àwọn fọganáísà fẹ́ràn kí wọ́n fẹ́ ẹ títí á fi le bí wọ́n bá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà, wọ́n kọ iye tó yẹ síbẹ̀. Tí ẹ bá rí 40–65 PSI (PSI ni wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́ táyà), 45 tàbí 50 ti tó fún ẹni tí kò sanra púpọ̀. Táyà tó fẹ̀ tí kò le jù máa ń gbé òkúta mì kó tó dé káríà. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kó wálẹ̀ ju èyí tó kéré jù lára ẹ̀ lọ, kí tíúbù má baà bẹ́.

Ìbéèrè: Èmi ò ní owó àpò kankan. Ẹ̀yìn náà ni mo máa lò. Kò sí ọ̀nà àbáyọ ni?

Ìdáhùn: Ó wà. Èjìká tó ń ro yín, okùn àyà àti okùn ìbàdí ló yẹ kó gbà á sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ báàgì ló ní in, àwa la máa ń gé e dànù pé ó ń dí wa lọ́wọ́. Tí okùn ìbàdí bá fún, egungun ìbàdí ló ń gbé ẹrù náà. Kò sì ní gun orí lọ bá ọrùn nígbà tí ẹ bá tẹ̀ síwájú. Báàgì olókùn kan ṣoṣo tó ń gba ẹ̀gbẹ́ kọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ó máa yí wá síwájú níbi tí ẹ ti fẹ́ yà fún zémidjan, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ á sì lọ síbi tí ẹ ò ní in lọ́kàn.

Ní ti òógùn, irọ́ ni mo máa pa tí mo bá ní ó máa tán. Ẹ wọ ṣẹ́ẹ̀tì pénpé lọ, ẹ ká ẹ̀wù iṣẹ́ sínú báàgì. Kọ̀ǹpútà pàápàá, ẹ fi ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dí i láàárín ẹ̀yin àti òun, nítorí òógùn máa ń gba inú aṣọ báàgì kọjá, iyọ̀ sì wà nínú ẹ̀.

Ìbéèrè: Apẹ̀rẹ̀ iwájú ńkọ́?

Ìdáhùn: Rárá. Ó ń gbọ̀n ju káríà lọ, ó ń fa ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ẹni tó bá sì fẹ́ já a gbà nínú èrò ọjà Wàndo ò ní làágùn.

Ìbéèrè: Òjò ńkọ́? Báàgì mi kọ ọ́ sára pé omi ò lè wọ̀ ọ́.

Ìdáhùn: Aṣọ báàgì lè máà jẹ́ kí omi wọlé. Síìpù ló ń ṣí ilẹ̀kùn fún un. Láti oṣù kẹrin títí di oṣù keje, nígbà òjò ńlá wa, òjò Àjàṣẹ́ ò bẹ̀rù síìpù. Àpò tí ẹnu ẹ̀ ń ká wálẹ̀ ló ṣeé fọkàn tán: ká a ní ìgbà mẹ́ta, kí ẹ wá dè é. Láti ìgbà tí òfin ọdún 2017 ti de láílọ́nù tí kì í jẹrà ní Bẹ̀nẹ̀, èmi ò tún sọ fẹ́nikẹ́ni mọ́ pé kó lọ wá láílọ́nù dúdú. Aṣọ onírọ́bà tá a fi ń bo tábìlì, èyí tí wọ́n ń wọ̀n tà lọ́jà, ló dáa jù. Télọ̀ kan náà lè fi rán àpò inú. Kó má gún abẹ́rẹ́ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀. Kó ká a, kó rán ẹ̀gbẹ́ nìkan.

Àmọ́ òjò tó ń ti òkè wá ò burú tó èyí tó ń ti ilẹ̀ wá. Táyà ẹ̀yìn tí kò ní mọ́ọ́dígáàdì ń gbé omi ẹrẹ̀ sókè ní ìlà kan gbọọrọ, àárín ẹ̀yìn yín gan-an ló sì ń fún un sí, níbi tí báàgì wà. Òjò lè ti dá tipẹ́ kí ẹ ṣì máa rin. Ẹ ra mọ́ọ́dígáàdì kí ẹ tó ra báàgì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ níbi tí amúlétutù ti ń mú ganrínganrín, ẹ gbọ́ èyí náà. Kọ̀ǹpútà tó tutù tí ẹ ṣí jáde sínú ooru ìrọ̀lẹ́ máa ń làágùn bí ìgò omi tútù. Tí ẹ bá délé, ẹ fi í sílẹ̀ nínú àpò fún bí ààbọ̀ wákàtí kí ẹ tó tàn án.

Ìbéèrè: Ṣé mo gbọ́dọ̀ pa á pátápátá, àbí kí n kàn pa ìdérí ẹ̀ dé?

Ìdáhùn: Ẹ pa á. Pípa ìdérí dé kàn ń mú un sùn ni, oorun yẹn ò sì jinlẹ̀: ó lè jí fúnra ẹ̀ nínú àpò, kí fáànù máa yí láìrí afẹ́fẹ́. Ẹ máa débi iṣẹ́, ẹ máa bá a tó gbóná janjan, bátìrì ti lọ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ oní àwo sì ni, àwo yẹn á máa yí lórí òkúta. Ooru ọ̀hún náà ló ń bá èyí tí ẹ so mọ́ kẹ̀kẹ́ lábẹ́ oòrùn. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà kọ ọ́ pé ká má lò ó níbi tí ooru bá ti ju ìwọ̀n 35 °C lọ, àpò dúdú tó wà nínú oòrùn ọ̀sán sì máa ń kọjá bẹ́ẹ̀ kíákíá.

Ìbéèrè: Kétu ni èmi wà. Erùpẹ̀ pupa ni wàhálà tiwa, kì í ṣe pavé.

Ìdáhùn: Àpò inú tí mo sọ fún òjò yẹn náà ni, ẹ má bọ́ ọ nígbà ọyẹ́. Erùpẹ̀ yẹn fẹ́lẹ́ débi pé ó ń gba ojú síìpù kọjá, fáànù ló sì máa ń lọ jókòó sí. Ẹ gbọn àpò náà síta kí ẹ tó gbé kọ̀ǹpútà sí i láàárọ̀. Bí fáànù bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà tú u, kó fọ̀ ọ́. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ. Itọ́ máa ń bá a wọlé.