Báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń mọ̀ pé wárápá ti dé?

Ìyá kan tí ó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, ni ó bi mí ní àwọn ìbéèrè yìí lẹ́yìn tí dókítà ní kí wọ́n lọ fi ẹ̀rọ gba iná ọpọlọ ọmọ rẹ̀ tí wárápá ń gbé sílẹ̀ (àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní EEG). Ọ̀rọ̀ náà kan ọ̀pọ̀ òbí, ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́.

Ìbéèrè: Ṣé iná kò ní gbé ọmọ mi?

Kò lè gbé e, mà. Wáyà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ orí, tí ó sábà máa ń tó 21, kì í fi iná sínú orí. Ńṣe ni ó ń gbọ́ iná tí ó ti wà níbẹ̀, èyí tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Hans Berger, oníṣègùn ará Jámánì, ni ó kọ́kọ́ gba irú iná yìí sílẹ̀ lórí ènìyàn ní ọdún 1924. Ẹ ṣáà tú irun ọmọ náà kí ẹ tó lọ, nítorí pé ṣùkú kì í jẹ́ kí wáyà kan awọ orí dáadáa.

Ìbéèrè: Ìlà wúruwùru ni mo rí lójú kọ̀ǹpútà. Ibo ni wárápá wà níbẹ̀?

Ẹ tẹ́tí sí Ọjà Ọba yín lọ́sàn-án: ẹnì kan ń ná ata, ẹnì kan ń pe èrò ọkọ̀ Oǹdó, gbogbo rẹ̀ sì dàpọ̀ di ariwo tí kò ní ìlù kan pàtó. Bí ọpọlọ tí ó jí ṣe ń dún nìyẹn. Nígbà tí wárápá bá dé, ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì á pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé gbogbo ọjà ń pàtẹ́wọ́ sí ìlù kan ṣoṣo, ìlà á sì ga, á máa tún ara rẹ̀ ṣe. Ní ti irú èyí tí ọmọ kàn ń tẹjú mọ́ ibì kan láìdáhùn, ìgbì ṣóńṣó máa ń jáde bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ̀rọ á gé ìgbàsílẹ̀ sí wẹ́wẹ́, á ṣírò gíga ìlà àti bí ó ṣe ń yára tún ara rẹ̀ ṣe, á sì fi wé àpẹẹrẹ tí àwọn dókítà ti sàmì sí.

Ìbéèrè: Wọ́n ní ẹ̀rọ kan gba máàkì 99 nínú 100. Ṣé kí n gbẹ́kẹ̀ lé e?

Ẹ má tíì gbẹ́kẹ̀ lé e. Ìṣẹ́jú 1,440 ni ó wà nínú ọjọ́ kan. Bí wárápá bá gbé ọmọ fún ìṣẹ́jú kan péré, ẹ̀rọ tí ó dákẹ́ tọ̀sán-tòru ti gbà ju 99 lọ, nítorí pé ó tọ̀nà ní ìṣẹ́jú 1,439 yòókù, kò sì rí ohun kan ṣoṣo tí a ní kí ó wá. Ẹ bèèrè iye ìgbà tí ó rí wárápá, àti iye ìgbà tí ó pariwo lásán. Bí ọmọ bá ń jẹun, bí ó bá ṣẹ́jú, bí wáyà kan bá ṣí, gbogbo rẹ̀ ni ó ń wọnú ìgbàsílẹ̀. Ìyá tí ẹ̀rọ bá ti jí lásán lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóru lè máà dìde ní ìgbà karùn-ún, èyí tí ó sì lè jẹ́ òótọ́. Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù jù nìyẹn.

Ohun mìíràn ni pé wárápá ẹnì kan kì í jọ ti ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan nínú àkójọ ìgbàsílẹ̀ tí wọ́n ń lò jù láti kọ́ irú ẹ̀rọ yìí wá láti ara aláìsàn 22 ní Boston, Amẹ́ríkà. Ó yẹ kí a dán an wò lára àwọn ọmọ tiwa.

Ìbéèrè: Bí wọn kò bá rí nǹkan, ṣé ó ti bọ́ nìyẹn?

Kò fi dandan jẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìlà lè mọ́ nígbà tí wárápá kò bá sí nítòsí. Ẹ má dá oògùn dúró láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá tún gbé e, ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má ki ṣíbí sí i lẹ́nu, kí ẹnì kan sì fi fóònù ya fídíò rẹ̀ pẹ̀lú aago tí ó bẹ̀rẹ̀. Fídíò yẹn ni kí ẹ mú lọ fún dókítà.