Ìjọ kékeré nínú Ìjọ Episcopal ti Amẹ́ríkà

Ìjọ kékeré nínú Ìjọ Episcopal ni èyí tí àwọn tó ń wá sí ìsìn rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú kò pọ̀, tí àwọn ọmọ ìjọ fúnra wọn sì ń ṣe iṣẹ́ tí àlùfáà àti òṣìṣẹ́ olówó-oṣù máa ń ṣe ní ìjọ ńlá. Ìjọ Episcopal jẹ́ ẹ̀ka Ìdàpọ̀ Áńgílíkà ní Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí alábòójútó, ìyẹn bíṣọ́ọ̀bù, ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Kàtídírà ńlá tó wà ní Washington àti New York ló sábà máa ń hàn nínú ìròyìn, ṣùgbọ́n púpọ̀ jùlọ nínú àwọn ilé ìsìn ìjọ náà kò jọ wọ́n rárá. Kí àrùn kòrónà tó dé ní 2020, nǹkan bí ìdajì àwọn ìjọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni kì í rí ju bí ènìyàn 50 lọ lọ́jọ́ Àìkú. Ohun méjì ló ń gbé irú ìjọ bẹ́ẹ̀ ró: Ìwé Àdúrà tí ètò ìsìn ìjọ wà nínú rẹ̀, àti àwọn ènìyàn tí wọn kò fi jẹ àlùfáà.

Bí agbára ṣe dé ọwọ́ ọmọ ìjọ

Láti ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti tẹ̀dó sí Jamestown ní Virginia ní 1607, ìjọ náà lo ohun tó lé ní ọdún 170 ní Amẹ́ríkà láìní bíṣọ́ọ̀bù kankan níbẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù London ni wọ́n kà sí alábòójútó wọn, òkun ńlá sì wà láàárín. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ àlùfáà ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí England kí wọ́n tó lè gbọ́wọ́ lé e lórí, àwọn kan sì lọ tí wọn kò padà wálé. Àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ ní kátíkísìmù dàgbà, wọ́n darúgbó, wọ́n kú, láìsí bíṣọ́ọ̀bù tí yóò gbọ́wọ́ lé wọn láti fi wọ́n múlẹ̀ nínú ìgbàgbọ́.

Nítorí náà, ìgbìmọ̀ ìjọ tí wọ́n ń pè ní vestry ló gba ipò náà. Ní Virginia, àwọn onílẹ̀ ńlá ló jókòó sínú rẹ̀. Àwọn ló ń gba àlùfáà síṣẹ́, wọ́n sì fẹ́ràn kí àdéhùn rẹ̀ máa jẹ́ ọdún kọ̀ọ̀kan kó má baà fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù wọ́n lọ. Àwọn náà ló ń bu owó orí tí wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà ìjọ àti ti aláìní. Púpọ̀ nínú wọn ní ẹrú, owó tí wọ́n fi kọ́ ilé ìsìn sì ti inú làálàá ẹrú wá.

Lẹ́yìn ogun òmìnira, àwọn bíṣọ́ọ̀bù England kò lè fi ará Amẹ́ríkà jẹ bíṣọ́ọ̀bù, nítorí òfin ní kí ẹni náà búra fún ọba. Samuel Seabury ti Connecticut kọjá lọ sí Scotland, níbi tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù kò ti sí lábẹ́ irú ìdè bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Aberdeen ní ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá 1784. Nígbà tí òfin England yí padà, William White àti Samuel Provoost gba oyè tiwọn ní London ní 1787. Ní 1789, àpérò kan ní Philadelphia fọwọ́ sí òfin ìjọ tuntun náà àti Ìwé Àdúrà rẹ̀ àkọ́kọ́. Bíṣọ́ọ̀bù ti dé wàyí, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìjọ kò fi àga wọn sílẹ̀. Títí di òní, Àpérò Gbogbogbò tí wọ́n ń ṣe lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta ní ilé méjì: ọ̀kan fún àwọn bíṣọ́ọ̀bù, èkejì fún àwọn àlùfáà, díákónì (òjíṣẹ́ tí oyè rẹ̀ wà lẹ́yìn ti àlùfáà) àti ọmọ ìjọ lápapọ̀. Òfin kankan kò lè kọjá bí ilé méjèèjì kò bá fohùn sí i.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nísàlẹ̀. Ìjọ tó ń gbọ́ bùkátà ara rẹ̀ máa ń ṣe ìpàdé ọdọọdún, wọn a dìbò yan ìgbìmọ̀ ìjọ, ìgbìmọ̀ náà a sì fúnra rẹ̀ wá àlùfáà pẹ̀lú ìfọwọ́sí bíṣọ́ọ̀bù. Wọ́dìnì, ìyẹn aṣáájú láàárín àwọn ọmọ ìjọ, méjì ló wà: wọ́dìnì àgbà tó sún mọ́ àlùfáà, àti wọ́dìnì kékeré tí ọ̀rọ̀ òrùlé tó ń jò àti ẹ̀rọ amúlétutù sábà máa ń já lé léjìká. Ìjọ tí kò lè dá gbọ́ bùkátà ara rẹ̀ ń gba ìrànwọ́ dáyósíìsì, ìyẹn àgbègbè ìjọ tó wà lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù kan, bíṣọ́ọ̀bù ló sì ń yan fíkà, ìyẹn àlùfáà tó ń ṣojú rẹ̀, fún un.

Ìjọ Absalom Jones

Kì í ṣe gbogbo ọmọ ìjọ ni àga yìí wà fún láti ìbẹ̀rẹ̀, ìjọ African Episcopal Church of St. Thomas ní Philadelphia sì ni ẹ̀rí èyí. Wọ́n bí Absalom Jones sí oko ẹrú ní Delaware ní 1746. Ó kọ́kọ́ wá owó ra òmìnira ìyàwó rẹ̀, kí ó tó gba tirẹ̀ ní 1784. Òun àti Richard Allen dá ẹgbẹ́ aláàánú kan sílẹ̀ fún àwọn Aláwọ̀dúdú tó wà lómìnira ní 1787. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì St. George's ni wọ́n ti ń sìn, títí di ọjọ́ tí àwọn olùtọ́jú ilé ìsìn wá fà wọ́n dìde lórí eékún wọn nínú àdúrà, pé ibi tí wọ́n kúnlẹ̀ sí kì í ṣe tiwọn. Wọ́n jáde. Nígbà tí ibà pọ́njú kọ lu ìlú náà ní 1793, tí àwọn olówó ń sá lọ, Jones àti Allen kó àwọn ènìyàn wọn jọ láti tọ́jú aláìsàn àti láti sin òkú.

Wọ́n ṣí ilé ìsìn St. Thomas ní ọjọ́ 17 oṣù Keje 1794. Kí ìjọ náà tó wọ Ìjọ Episcopal, ó gbé àdéhùn sílẹ̀: kí wọ́n gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí ìjọ tó ti dúró fúnra rẹ̀, kí àkóso rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, kí Jones sì jẹ́ aṣáájú wọn. Bíṣọ́ọ̀bù White gbà, ó sì fi Jones jẹ díákónì ní 1795. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19 ni Jones di àlùfáà, ẹni àkọ́kọ́ tí awọ̀ rẹ̀ dúdú tó gba oyè yìí nínú ìjọ náà. Ṣùgbọ́n dáyósíìsì Pennsylvania kò fún ìjọ náà ní ìjókòó nínú àpérò rẹ̀ títí di àwọn ọdún 1860. Nǹkan bí ọdún 70 ni ìjọ tó ń ka Ìwé Àdúrà kan náà, tó ń san owó tirẹ̀, fi wà láìní ohùn. Ìwà ìrẹ́jẹ ni, kò sí orúkọ mìíràn tó yẹ ẹ́. Ọjọ́ 13 oṣù Kejì, ọjọ́ tí Jones kú ní 1818, ni Ìjọ Episcopal fi ń rántí rẹ̀ lónìí. Ìjọ rẹ̀ ṣì wà ní Philadelphia.

Ìsìn ọjọ́ Àìkú

Ìwé Àdúrà tí wọ́n ń lò jáde ní 1979. Ṣáájú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìjọ ló ń ṣe Àdúrà Òwúrọ̀ lọ́pọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ìwé tuntun náà sọ ọ́ kedere pé Ìdàpọ̀ Mímọ́ ni olórí ìsìn ọjọ́ Olúwa. Ó ní ètò méjì: èkíní tọ́jú èdè àtijọ́, èkejì lo èdè òde òní. Ní ìjọ tó ní ìsìn méjì, àwọn àgbàlagbà díẹ̀ máa ń wá sí ti òwúrọ̀ kùtùkùtù tí kò ní orin, tí wọ́n á ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n mọ̀ láti kékeré. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà láti Ìbàdàn tàbí Oǹdó tó bá wọ irú ilé ìsìn bẹ́ẹ̀ kò ní sọnù. Bí àlùfáà bá ti dé ibi “Ẹ gbé ọkàn yín sókè,” ó mọ ohun tó kàn, nítorí orísun kan náà ni Ìwé Àdúrà Yorùbá, tí Samuel Àjàyí Crowther wà lára àwọn tó kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀, ti wá.

Níbi tí ènìyàn kò ti pọ̀, àdúrà máa ń ní orúkọ nínú. Nígbà àdúrà fún gbogbo ènìyàn, wọ́n ń dárúkọ ẹni tó wà nílé ìwòsàn, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọlọ́jọ́ ìbí á bọ́ síwájú, gbogbo ìjọ á sì gba àdúrà tó wà ní ojú ìwé 830 fún un. Ọ̀pọ̀ ló mọ nọ́ńbà ojú ìwé yẹn lórí. Nígbà tí wọ́n bá ń fún ara wọn ní àlàáfíà, ìjọ ńlá máa ń bọ ọwọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ìjọ ènìyàn 20, olúkúlùkù lè dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn, títí kan ẹni tí wọ́n jọ bínú síra wọn ní ìpàdé ìgbìmọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo rò pé ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ ìjọ kékeré ti ń fara hàn jù, nítorí kò sí èrò tí ènìyàn lè sá pamọ́ sí.

Nígbà ìrìbọmi, gbogbo ìjọ ló ń tún májẹ̀mú ṣe. Wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n á máa wá Kristi nínú gbogbo ènìyàn, bóyá wọ́n á sì máa bu ọlá fún iyì ọmọ ènìyàn gbogbo. Èsì wọn ni pé àwọn á ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìrìbọmi nìkan ti tó láti jẹ́ kí ènìyàn jẹ ara Olúwa, ọmọdé náà sì ń jẹ nínú rẹ̀ kí bíṣọ́ọ̀bù tó gbọ́wọ́ lé e.

Ọjọ́ tí àlùfáà kò sí

Ọ̀pọ̀ ìjọ kékeré kò lágbára láti san owó oṣù àlùfáà kan ní kíkún. Àwọn kan pín àlùfáà pẹ̀lú ìjọ méjì tàbí mẹ́ta mìíràn. Àwọn kan ní àlùfáà tó ń ṣe olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì láàárín ọ̀sẹ̀. Àwọn mìíràn ń pe àlùfáà tó ti fẹ̀yìn tì wá, kó wá ṣe ìsìn kó sì padà sílé rẹ̀. Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni, òfin kò gbà kí ọmọ ìjọ ya búrẹ́dì àti wáìnì sí mímọ́, ṣùgbọ́n ó lè darí Àdúrà Òwúrọ̀, kí ó sì ka ìwàásù bí ó bá ní ìwé àṣẹ. Díákónì náà lè pín èyí tí àlùfáà ti yà sí mímọ́ tẹ́lẹ̀, bí bíṣọ́ọ̀bù bá fọwọ́ sí i.

Láti àwọn ọdún 1970, Bíṣọ́ọ̀bù Wesley Frensdorff ní Nevada gbé ọ̀nà mìíràn kalẹ̀ fún àwọn ìlú tó jìnnà sí ara wọn. Ìjọ yóò mọ ẹ̀bùn àwọn ọmọ rẹ̀, yóò yan àwọn kan láàárín wọn, wọn yóò kẹ́kọ̀ọ́ nílé, a ó sì fi wọ́n jẹ àlùfáà tàbí díákónì níbẹ̀ láìgba owó oṣù. Northern Michigan tẹ̀ lé ọ̀nà náà lẹ́yìn èyí.

Àwọn obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ tí kò hàn síta. Ẹgbẹ́ olùtọ́jú pẹpẹ ń wá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta láti lọ aṣọ funfun, láti nu idẹ, láti pààrọ̀ aṣọ pẹpẹ bí àsìkò ti yí: elésè àlùkò fún Lẹ́ńtì, funfun fún Àjíǹde, àwọ̀ ewé fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn Pẹ́ńtíkọ́sì. Omi tí wọ́n fi fọ aṣọ ìdàpọ̀ àti ife kì í lọ sínú gọ́tà. Ilẹ̀ lásán ni wọ́n ń dà á sí. Oyè àlùfáà fúnra rẹ̀ kò ṣí sílẹ̀ fún obìnrin títí àwọn 11 fi gbà á ní Philadelphia ní ọjọ́ 29 oṣù Keje 1974 láìgba àṣẹ. Àpérò Gbogbogbò fọwọ́ sí i ní 1976. Ní 1989, Barbara Harris, obìnrin Aláwọ̀dúdú, di bíṣọ́ọ̀bù ní Massachusetts, obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ oyè náà ní gbogbo Ìdàpọ̀ Áńgílíkà.

Gbọ̀ngàn àti ilé ìdáná

Lẹ́yìn ìsìn, gbogbo ènìyàn ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gbọ̀ngàn fún kọfí. Ibẹ̀ ni àlejò ti ń di ẹni mímọ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú Lẹ́ńtì, wọ́n ń dín páńkéèkì, nítorí àṣà àtijọ́ ni láti lo ọ̀rá àti ẹyin ilé tán kí ààwẹ̀ tó dé. Ní àyíká ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá, àwọn ènìyàn ń mú ajá àti ológbò wọn wá fún ìbùkún ní ìrántí Francis ti Assisi. Láàárín ọ̀sẹ̀, gbọ̀ngàn náà kì í ṣófo: ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pín oúnjẹ fún aláìní, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ń gbìyànjú láti fi ọtí sílẹ̀ ti ń pàdé. Àlùfáà Episcopal kan ní New York, Samuel Shoemaker, wà lára àwọn tí ẹ̀kọ́ wọn ran àwọn olùdásílẹ̀ Alcoholics Anonymous, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ọtí sílẹ̀, lọ́wọ́.

Ìyapa àti àwọn ọmọ Nàìjíríà

Ní 2003, New Hampshire yan Gene Robinson, ọkùnrin tó ń gbé pẹ̀lú ọkùnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní gbangba, gẹ́gẹ́ bí bíṣọ́ọ̀bù. Ìjọ Nàìjíríà lábẹ́ Peter Akínọlá já okùn ìdàpọ̀ pẹ̀lú Ìjọ Episcopal. Ní 2005 ó dá CANA, ẹgbẹ́ ìjọ Áńgílíkà tirẹ̀, sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún àwọn ọmọ Nàìjíríà, àwọn ìjọ Amẹ́ríkà tó ń bínú náà sì wọ inú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni Yorùbá tó jẹ́ Áńgílíkà, tó bá dé Houston tàbí Maryland, ti ní láti yan nínú ilé méjì tí wọ́n ń lo àdúrà tó jọra.

Ní Falls Church ní Virginia, èyí tó pọ̀ jù nínú ọmọ ìjọ ló kúrò nínú Ìjọ Episcopal, wọ́n sì di ilé ìsìn mú. Àwọn díẹ̀ tó kù lọ ń sìn ní ilé ìjọ Presbyterian tó wà nítòsí. Òfin Ìjọ Episcopal láti 1979 sọ pé ìjọ kọ̀ọ̀kan di dúkìá rẹ̀ mú fún dáyósíìsì ni, ilé ẹjọ́ sì dá ilé náà padà fún dáyósíìsì Virginia ní 2012. Ìjọ kékeré yẹn ló padà wọlé. Àwọn méjèèjì pàdánù ohun kan: ọ̀kan pàdánù ilé tí òbí wọn ti ṣègbéyàwó, èkejì pàdánù àwọn tí wọ́n jọ ń kúnlẹ̀.

Owó, àti ìgbà tí ìjọ bá parí

Ní ìgbà ìwọ́wé, ìdílé kọ̀ọ̀kan ń kọ iye tí yóò máa san lọ́dún tó ń bọ̀ sórí ìwé, orí ìlérí yìí ni ìgbìmọ̀ ti ń ṣe ìṣirò. Ilé òkúta tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún ń jẹ owó, yálà ènìyàn 200 ló wà nínú rẹ̀ tàbí 15. Ní àárín àwọn ọdún 1960, ọmọ Ìjọ Episcopal ju mílíọ̀nù 3 lọ. Ní 2022, wọn kò tó mílíọ̀nù 2 mọ́. Nítorí náà ni àwọn ìjọ kan fi ń parí.

Ètò ìsìn kan wà fún ọjọ́ yẹn, tí bíṣọ́ọ̀bù tàbí aṣojú rẹ̀ ń wá darí. Ó ń kéde pé ilé náà kò sí ní yíyàsọ́tọ̀ mọ́, ó sì ń dúpẹ́ fún àwọn tí wọ́n rì bọmi, tí wọ́n so pọ̀, tí wọ́n gbàdúrà fún nínú rẹ̀. Wọ́n ń kó ife, àwo àti aṣọ pẹpẹ jáde. Ìjọ mìíràn tó nílò wọn ló sábà máa ń gbà wọ́n. Ìwé àkọsílẹ̀ ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú ń lọ sí ibi ìpamọ́ ìwé dáyósíìsì, níbi tí ọmọ-ọmọ ẹni tó bá fẹ́ ti lè lọ wo orúkọ ìyá rẹ̀.