Bí Sẹ́ẹ̀lì Alátìlẹ́yìn Ọpọlọ Ṣe Ń Palẹ̀ Inú Ara Rẹ̀ Mọ́ Nígbà Rọpárọsẹ̀

Tí ọ̀rọ̀ àrùn rọpárọsẹ̀ bá dé, neuron, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé iṣẹ́ ránṣẹ́ nínú ọpọlọ, nìkan ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì bá dí òpó ńlá kan nínú ọpọlọ, tí wọn ò sì tètè ṣí i, neuron tó ń kú ní ìṣẹ́jú kan tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.9. Ṣùgbọ́n neuron kì í dá gbé. Àwọn sẹ́ẹ̀lì alátìlẹ́yìn tí wọ́n ń pè ní glia wà káàkiri láàárín wọn, wọ́n ń bọ́ wọn, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn. Bí inú glia bá ṣe rí lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ dí, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú iye neuron tó máa yè.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara ló mọ bó ṣe ń jẹ ìdọ̀tí ara rẹ̀. Autophagy ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Christian de Duve pè é ní 1963. Yoshinori Ohsumi, ọmọ Japan, ló wá àwọn jíìnì tó ń darí rẹ̀ rí nínú ìwúkàrà, òun ni wọ́n sì fún ní ẹ̀bun Nobel ní 2016. Sẹ́ẹ̀lì á fi awọ fẹ́lẹ́ onípele méjì di ohun tó bàjẹ́ sínú àpò, àpò á lọ dà pọ̀ mọ́ lysosome, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń lọ ìdọ̀tí, ẹ́ńsáìmù ibẹ̀ á sì lọ̀ ọ́ kúnná fún àtúnlò. Nígbà tí oúnjẹ bá wà, purotéènì kan tó ń jẹ́ mTOR ló ń dá iṣẹ́ yìí dúró. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dí tí agbára sì tán, AMPK, purotéènì míì tó ń mọ̀ bí agbára bá ti ń tán, á tẹ mTOR mọ́lẹ̀, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀.

Lára glia, èyí tí wọ́n ń pè ní astrocyte ló yẹ ká dúró tì. Neuron tó ń kú máa ń tú glutamate, kẹ́míkà tí neuron fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, jáde, glutamate á máa ta neuron tó wà nítòsí jí láìdáwọ́ dúró, títí kálísíọ́mù á fi ya wọ inú rẹ̀ tí á sì pa á. Astrocyte ló ń fa glutamate ọ̀hún mu, tó ń sọ ọ́ di glutamine tí kì í ta neuron jí. Iṣẹ́ yìí ń gba agbára, ọ̀dọ̀ mitochondria, ilé iṣẹ́ agbára inú sẹ́ẹ̀lì, ni agbára sì ti ń wá. Mitochondria tó bá ti bàjẹ́ kì í pèsè tó mọ́, ó sì tún máa ń da májèlé sílẹ̀.

Báwo wá ni sẹ́ẹ̀lì ṣe ń mọ mitochondria tó bàjẹ́ láàárín ọ̀pọ̀ tó jọra? Purotéènì kan ń jẹ́ PINK1. Mitochondria tí ara rẹ̀ le máa ń fà á wọlé, á gé e, ọ̀rọ̀ tán. Èyí tó ti ń kú kò lágbára láti fà á, ni PINK1 bá ń ṣù sí ara rẹ̀ lóde, á pe purotéènì míì tó ń jẹ́ Parkin, Parkin á fi àmì sí i, àpò á wá gbé e lọ. Kò sí ẹ̀ṣọ́ tó ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àìlera mitochondria fúnra rẹ̀ ló ń ránṣẹ́ pe ẹni tó máa kó o. Ọgbọ́n ńlá ni. Àwọn tó ṣe ìwádìí lára eku ní 2016 tún rí i pé astrocyte máa ń tú mitochondria síta lẹ́yìn rọpárọsẹ̀, tí neuron sì máa ń gbà á wọlé.

Ohun tó ń bí èèyàn nínú ni àwọn tó ń sọ pé bí ìpalẹ̀mọ́ yìí bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe dára tó. Ilé tí igi ìdáná ti tán ni ká fi wé: àga tó ti ṣẹ́ ni wọ́n á kọ́kọ́ fi dáná, ìyẹn dára. Bí igi kò bá dé, ó kan ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà, igi àjà. Ẹni tó ń wo èéfín lókèèrè kò lè mọ èyí tó ń jó. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni pẹ̀lú àpò: bí wọ́n bá rí àpò púpọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ ń yá, ó sì lè jẹ́ pé lysosome ti dákú tí ìdọ̀tí kò rí ibi lọ. Kíka àpò nìkan kò tó.

Ìdí nìyẹn tí oògùn rapamycin tó ń ṣí autophagy àti kẹ́míkà 3-methyladenine tó ń dí i fi lè dín ìbàjẹ́ kù lára ẹranko, kálukú nínú àyẹ̀wò tirẹ̀. Wákàtí tí wọ́n lò ó yàtọ̀, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe dí pẹ́ tó yàtọ̀, sẹ́ẹ̀lì tí oògùn bá sì yàtọ̀. Oògùn tí a bá gbé mì kì í mọ astrocyte yàtọ̀ sí neuron tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àlàfo tó kù láti dí nìyẹn. Ní báyìí, ṣíṣí òpó ẹ̀jẹ̀ ni ìtọ́jú: abẹ́rẹ́ tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì láàárín wákàtí 4.5, tàbí fífà á jáde, èyí tó lè ṣeé ṣe fún àwọn kan títí di wákàtí 24.