Kì í ṣe dátà ló ń pa yín nínú géèmù

Ẹ ọ̀kún o. Aago mọ́kànlá ti lù lálẹ́ Sátidé tó kọjá nígbà tí oníbàárà mi kan pè mí, nínú Kàbbà níbí. Ó ní, "Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, mo ti ra dátà ìlọ́po mẹ́ta èyí tí mò ń rà tẹ́lẹ̀, ping mi ṣì ń gun 800." Òun ni ẹnì kẹrin tó sọ irú rẹ̀ fún mi láàárín oṣù kan. Mo ti ń sọ ọ́ lẹ́nu tipẹ́. Ẹ jẹ́ kí n wá kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tún ní òun kò gbọ́.

Dátà ni iye ẹrù tí ẹ lè kó. Ping ni àkókò tí ọ̀rọ̀ kan fi kúrò nílé yín, tó dé ọ̀dọ̀ sáfà géèmù, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí géèmù ń gbé, tó sì padà wá. Mílísẹ́kọ́ńdù, ìyẹn ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá, ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Ohun tí géèmù ń rán jáde kò wúwo rárá, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í tó báìtì 200. Àmọ́ ó ń rán an lemọ́lemọ́, èyí tó bá sì pẹ́ dé ti di àkísà: ẹ ti yìnbọn, ẹni tí ẹ yìn ín sí ti kúrò níbẹ̀.

N kò ní pẹ́ lórí Wi-Fi. Bí ráútà àti PlayStation bá wà nínú ilé kan náà, wáyà ni kí ẹ fi so wọ́n. Bí kò bá ṣeé ṣe, ìkànnì 5 GHz ti Wi-Fi ni kí ẹ lò, kí ẹ sì gbé ráútà kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Ó tán.

Ti ọ̀nà jíjìn náà kò le. Ìmọ́lẹ̀ inú wáyà fáíbà, ìyẹn wáyà gíláàsì, ń rin nǹkan bí 200 kìlómítà ní mílísẹ́kọ́ńdù kan. Láti Èkó dé London tó nǹkan bí 5,000 kìlómítà, nítorí náà àlọ àti àbọ̀ kò lè dín ní mílísẹ́kọ́ńdù 50 láéláé, ẹ ò sì tíì ka ìrìn Kàbbà sí Èkó mọ́ ọn. Sáfà tó bá sún mọ́ wa ni kí ẹ yàn nínú géèmù, ẹ fi ti Amẹ́ríkà sílẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Ẹrẹ́nà 2024, nígbà tí wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ lójijì nítòsí Abidjan, odindi ọjọ́ náà ni àwọn èèyàn fi ń pè mí pé kí n wá tún ráútà àwọn ṣe. Kí ni ráútà mọ̀ nípa ìsàlẹ̀ òkun?

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn gan-an nìyí, mo bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ kà á: títò.

Ẹ wo ọ̀nà kọnkéré tó ti Ọbájànà wá sí Kàbbà. Ká ní tírélà sìmẹ́ńtì 50 tò lé ara wọn níbi tí ọ̀nà ti fún, tí ọ̀kadà kan tó gbé oògùn aláìsàn wá já sẹ́yìn wọn, tí kò sì sí àyè láti yà. Ọ̀kadà náà kò wúwo, ẹ̀rọ rẹ̀ kò bàjẹ́, síbẹ̀ yóò dúró títí tírélà ìkẹyìn yóò fi kọjá. Bí ọ̀rọ̀ géèmù yín ṣe ń dúró nínú ráútà nìyẹn. Ráútà olówó pọ́ọ́kú kò mọ ọ̀kadà yàtọ̀ sí tírélà. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ń kọ́kọ́ jáde.

Ta ló wá ń kó tírélà sójú ọ̀nà? Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, mo lọ sí ilé oníbàárà tó pè mí yẹn. Mo ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, mo ping ráútà ní àdírẹ́sì rẹ̀, 192.168.1.1: 2, 2, 3. Ilé mọ́. Mo ping 8.8.8.8, àdírẹ́sì Google kan níta: 68, 71, 70. Ó dára. Mo wá ní kí wọ́n so fóònù màmá rẹ̀ padà mọ́ Wi-Fi. 68, 240, 610, 870. Màmá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọ́n ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí sínú igbá, fóònù wà nínú báàgì wọn, wọn kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Àwòrán àti fídíò òkú tí wọ́n lọ sin ní Ìsánlú ni Google Photos ń kó lọ pamọ́ fúnra rẹ̀.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí ọ̀nà ìjáde yín bá ń gba mẹ́gábíìtì 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ráútà sì ti kó mẹ́gábáìtì 1 péré jọ sórí ìlà, mẹ́gábíìtì 8 nìyẹn, torí báìtì kan jẹ́ bíìtì 8. Ìṣẹ́jú àáyá 1.6 ni ẹni tó bá dé sẹ́yìn yóò fi dúró. Ẹ lè ra dátà tí yóò tó yín lò fún ọdún mẹ́ta, kò ní yọ tírélà kan ṣoṣo kúrò níbẹ̀.

Àrùn yìí lórúkọ. Jim Gettys, ọ̀gá onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Amẹ́ríkà, ló pè é ní bufferbloat, ní nǹkan bí 2010, lẹ́yìn tó bá a pàdé nínú ilé ara rẹ̀. Ní 2012, Kathleen Nichols àti Van Jacobson gbé ọgbọ́n kan jáde tí wọ́n pè ní CoDel, tó ń wo bí ẹrù ṣe pẹ́ tó lórí ìlà, tí kì í ka iye ẹrù. Lára rẹ̀ ni fq_codel àti CAKE ti jáde: wọ́n ń fún oníkálùkù ní ìlà tirẹ̀, kí ọ̀kadà lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tírélà. Ráútà tó bá ń lo sọ́fítíwíà tí wọ́n ń pè ní OpenWrt lè lò wọ́n, SQM ni orúkọ tí ẹ máa bá wọn lábẹ́ rẹ̀. Ẹ wọn iye tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ń gbé jáde ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, nígbà tí gbogbo àdúgbò wà lórí rẹ̀, kì í ṣe ní ìdájí. Ẹ wá fi SQM sí ìdá 85 nínú 100 iye yẹn. Àwọn èèyàn a máa bá mi jà níbi ìdá 85 yìí, pé mo ń jẹ wọ́n ní àjẹkù. Rárá o. Bí ẹ bá sọ ọ́ di 100, ìlà náà yóò lọ tò sínú módẹ́ẹ̀mù tàbí sídìí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, níbi tí ọwọ́ wa kò tó. Inú ráútà wa ni a fẹ́ kó tò sí, kí CAKE lè rí i. Mo ti ṣe é sí ilé tó ju 40 lọ láti Kàbbà dé Ẹ̀gbẹ̀, kò tíì sí ẹni tó ní kí n wá tú u.

Ẹni tí kò bá lè ra irú ráútà bẹ́ẹ̀, kó pa ìkópamọ́ àwòrán lórí gbogbo fóònù ilé, tàbí kó sún un di aago mẹ́ta òru. Kọ́bọ̀ kan kò jáde lápò.

Ohun tí mo ń bá nílé àwọn èèyàn dípò èyí ń dùn mí. Mo bá sítíkà dídán tí wọ́n ní ó ń fa nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo bá áàpù tó ní òun ń dín ping kù, tó jẹ́ pé ìpolówó ọjà ló kún inú rẹ̀, òun náà sì ń tò sórí ìlà. Ní Ìyàrà, mo tú ráútà kan, mo bá òróró àdúrà nínú rẹ̀, eruku ti lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹ̀kọ tútù, àwọn ihò atẹ́gùn ti dí pa. Onígbàgbọ́ ni èmi náà. Ẹ gbàdúrà, ẹ má da òróró sínú iná. Wọ́n ní aládùúgbò ló ń fi ayé dí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àwọn lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó dí i o, ooru ló ń pa ráútà náà.

Mo sọ pé wáyà dára. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń bà mí lẹ́rù nìyí. Nínú ìlú kan lápá Ìjùmú, ráútà ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, ó tó nǹkan bí 70 mítà sí ilé. Ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní oníṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ri òpó irin méjì mọ́lẹ̀, ó fa wáyà bàbà inú ilé gba ojú ọ̀run láti orí páànù dé orí páànù, ó gbowó, ó lọ. Ping wálẹ̀ lóòótọ́. Òjò àkọ́rọ̀ ọdún náà dé, àrá sán. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lọ ti fèrèsé ni. Ráútà, PlayStation, tẹlifíṣọ̀n, gbogbo wọn jó lẹ́ẹ̀kan.

Ẹrù tó jó kọ́ ló dùn mí jù. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ẹbí ti ní àrá kì í jà lásán. Ọmọ tó ń fi gbogbo òru jókòó ti kọ̀ǹpútà, kí ló ń ṣe bí kò bá ṣe yáhù? Wọ́n ní kó jẹ́wọ́ ohun tó jí. Ìyá rẹ̀ ló pè mí, ẹkún ni wọ́n ń sun. Mo gun máṣíìnì lọ. Mo tú wáyà náà sílẹ̀ lórí òpó, mo gé orí rẹ̀, mo gbé e lọ fún olórí ẹbí. Ike orí rẹ̀ ti yọ́, àwọn irin kéékèèké mẹ́jọ inú rẹ̀ ti dúdú. Baba yí i síwá sẹ́yìn lójú oòrùn. Wọ́n ní, "Irin yìí ló wá pe àrá?" Mo ní, "Baba, kò pè é. Ọ̀nà ló là fún un wọlé. Kò tilẹ̀ di dandan kó bọ́ lé e lórí, bó bá bọ́ sí tòsí, wáyà gígùn a gbé iná náà wọnú ilé. Ọmọ yín kò jí nǹkan kan." Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n wá ní kí wọ́n lọ pe ọmọ náà wá.

Nítorí náà: wáyà bàbà kò gbọdọ̀ jáde láti ilé kan sí èkejì. Fáíbà ni kí ẹ fà, nítorí gíláàsì kì í gbé iná, ẹ sì yan èyí tí kò ní irin nínú. Tàbí kí ẹ lo rédíò 5 GHz méjì tó kọjú síra, kí ẹni tó mọṣẹ́ sì bá yín fi wáyà so ó mọ́ ilẹ̀ (earthing) dáadáa. Bí ojú ọ̀run bá ti ń ṣú, ẹ yọ ti iná, ẹ yọ ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì pẹ̀lú, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tí ẹ yọ lẹ́yìn tí àrá ti sán kò ṣe yín láǹfààní.

Ọmọ náà ti padà sídìí géèmù rẹ̀, fáíbà ni mo fà fún un. Orí wáyà tó jó yẹn wà lórí tábìlì iṣẹ́ mi. Ẹni tó bá ní kí n gba orí páànù fa wáyà fún òun nítorí pé ó dínwó, òun ni mo kọ́kọ́ ń gbé lé e lọ́wọ́.