Bí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́tà márùn-ún ṣe ń jẹ ayò Scrabble

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, Wellington Jighere, ọmọ Nàìjíríà, na Lewis Mackay ará Britain ní ayò mẹ́rin sí òdo nílùú Perth, lórílẹ̀-èdè Australia. Bó ṣe di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ife àgbáyé Scrabble èdè Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, ayò tí a ti ń fa ọmọ ayò tí a kọ lẹ́tà sí láti inú àpò, tí a sì ń fi wọ́n to ọ̀rọ̀ sórí pátákó láti gba máàkì. Ọ̀rọ̀ tí àwọn oníròyìn gbé kiri nínú ayò tó kẹ́yìn ni FELTY: lẹ́tà márùn-ún péré, máàkì 36. Ọ̀pọ̀ ẹni tí kì í ta Scrabble ló rò pé ẹni tó bá kó ọ̀rọ̀ gbọọrọ-gbọọrọ sórí ló ń jẹ. Àwọn ọ̀jẹ̀ ọmọ Nàìjíríà kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́tà mẹ́rin àti márùn-ún ni wọ́n gbójú lé, ìdí rẹ̀ sì wà nínú àpò ayò fúnra rẹ̀.

Alfred Mosher Butts, ayàwòrán-ilé ará Amẹ́ríkà, ló gbé ayò yìí kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí iṣẹ́ wọ́n bí ojú. Ó jókòó ti ìwé ìròyìn, ó ń ka iye ìgbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jẹ yọ. Ohun tó rí níbẹ̀ ló fi pín ọmọ ayò 100. E jẹ́ 12, A àti I jẹ́ mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n J, K, Q, X àti Z jẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Méjì wà tí a kò kọ nǹkan kan sí, ẹni tó bá fà wọ́n lè pè wọ́n ní lẹ́tà tó wù ú. Èyí tó bá ṣọ̀wọ́n ló níye lórí: máàkì 10 ni Q àti Z, máàkì kan ni E. Ti S yàtọ̀. Ó pọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀ mẹ́rin péré ló wà nínú àpò, torí bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ńṣe ni oníkálùkù á kàn máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn ti ṣe wàhálà lé lórí.

Lẹ́tà méje ni òǹtayò máa ń ní níwájú rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ́ méjèèje lẹ́ẹ̀kan náà gba máàkì 50 lé e. Èyí ló ń fa ojú gbogbo ènìyàn mọ́ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́tà méje. Àwọn lẹ́tà kan sì wà tó ń tètè bára wọn ṣe: ẹni tó bá ní A, E, I, N, S àti T lọ́wọ́, bí ó bá fa R, ó di RETAINS, bó bá fa D, INSTEAD, G, SEATING, M, INMATES, V, NATIVES, Z pàápàá kò burú, ZANIEST ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ń wọlé. Ẹni tó ń tẹ́ máàkì mẹ́jọ mẹ́jọ, tó ń retí lẹ́tà kan ṣoṣo tí yóò pé e, lè jókòó síbẹ̀ títí ẹnìkejì yóò fi jìnnà sí i.

Ohun tí òǹtayò tó gbọ́n ń wò ni ohun méjì pọ̀: iye máàkì tí ọ̀rọ̀ náà mú wá, àti lẹ́tà tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ká ní D, E, F, J, O, R àti S ló wà níwájú ẹnì kan. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́tà méje níbẹ̀. Ó lè tẹ́ FJORDS, ó sì lè tẹ́ FJORD. Máàkì kan péré ni S fi kún un bí ilé (ojú kan lórí pátákó) tó bọ́ sí kò bá sí lára àwọn tó ń sọ máàkì di ìlọ́po, ṣùgbọ́n bó bá ti lo S, E nìkan ló kù. Bó bá dúró sí FJORD, E àti S ṣì wà lọ́wọ́, àwọn lẹ́tà tó máa ń bá ohun tó bá ti inú àpò jáde rìn. Ó tún lè padà wá fi S yẹn kan FJORD fúnra rẹ̀, kó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹni tí fáwẹ̀lì bá kún ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́? NAIRA wà nínú ìwé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò, ó sì ń kó A méjì àti I kan lọ lẹ́ẹ̀kan. (KOBO náà wà níbẹ̀.)

Ọ̀rọ̀ kúkúrú tún ní àǹfààní kan tí a kì í sọ: kì í ṣí pátákó sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́tà méje tàbí mẹ́jọ ń fún alátakò ní ibi púpọ̀ tí yóò ti so ti ẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó ti fi máàkì díẹ̀ síwájú kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, yóò máa fi ọ̀rọ̀ kéékèèké dí ọ̀nà.

Kíkọ́ àwọn ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kíka ìwé atúmọ̀-èdè láti A dé Z. Àwọn òǹtayò ń lo ètò orí kọ̀ǹpútà bíi Zyzzyva, tó lè kó gbogbo ọ̀rọ̀ tó ní iye lẹ́tà báyìí, tó sì ní lẹ́tà báyìí nínú, jáde. Ọgbọ́n tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rọrùn. Ọ̀nà 120 ni a lè gbà to lẹ́tà márùn-ún tó yàtọ̀ síra, ti lẹ́tà méje jẹ́ 5,040. Bí kọ̀ǹpútà bá ń dán gbogbo rẹ̀ wò, iṣẹ́ ńlá ni. Nítorí náà, a to lẹ́tà ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìlànà álífábẹ́ẹ̀tì ṣáájú. LEAST, SLATE, STALE, STEAL àti TALES, AELST kan náà ni gbogbo wọn. Ojú AELST ni òǹtayò ń kọ́, kó lè rí gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ láìdúró.

Ìtumọ̀ kò kan ayò náà rárá. Ní ọdún 2015 kan náà, Nigel Richards, ọmọ New Zealand, gba ife àgbáyé Scrabble èdè Faransé láìgbọ́ èdè náà. Àkójọ ọ̀rọ̀ ló kọ́.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó ní Q láìní U ni gbogbo òǹtayò kọ́kọ́ ń kọ́: QI, QAT, QADI, WAQF, TALAQ, NIQAB. Ẹni tó bá ti lọ sí ilé kéú yóò dá púpọ̀ mọ̀ nínú wọn. QI ló kéré jù, òun náà ló ń dunni jù lọ́wọ́ alátakò. Bí Q bá bọ́ sórí ilé tó ń sọ lẹ́tà di ìlọ́po mẹ́ta, tí I kan ti wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí òǹtayò sì fi I mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, QI méjì ló jáde, ọ̀kan ní ìbú, ọ̀kan ní òòró. Máàkì 31 lọ́nà méjì: 62, pẹ̀lú ọmọ ayò méjì péré.

Bí àpò bá ti ṣófo, ọ̀rọ̀ di ìṣirò. Òǹtayò tó ti ń fagi lé lẹ́tà lórí bébà láti ìbẹ̀rẹ̀ mọ ohun tó kù lọ́wọ́ ẹnìkejì gan-an. Nínú ìdíje, ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ́ gbogbo tirẹ̀ tán yóò gba ìlọ́po méjì máàkì ohun tó kù lọ́wọ́ alátakò. Bí Q bá há mọ́ ọn lọ́wọ́, máàkì 20 nìyẹn, ìdí rẹ̀ nìyí tí wọ́n fi máa ń dí gbogbo ojú I tó bá ṣí sílẹ̀ kó tó rí ibi tẹ́ ẹ sí.