Reserve price: jálẹ̀ tí onílé kì í sọ síta

Bí àwa Yorùbá bá gbọ́ pé wọ́n lu ilé ẹnìkan ní gbàǹjo, gbèsè la kọ́kọ́ ń rò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ló ń fọwọ́ ara wọn gbé ilé lọ sí gbàǹjo orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ilé lè jẹ́ ogún tí òrùlé rẹ̀ ti ń jò, tó jẹ́ pé báǹkì ò fẹ́ yá ẹni tó fẹ́ rà á lówó.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ní London ta ilé kan ní Manchester báyìí. £180,000 ni wọ́n kọ sí i. Lọ́jọ́ gbàǹjo, ẹ̀gbọ́n mi pè mí tayọ̀tayọ̀: “Wọ́n ti ná an dé £185,000 o! Ilé ti lọ!” Mo ní kí wọ́n wo abẹ́ owó yẹn dáadáa. Wọ́n ní àwọn rí i pé reserve kò tíì pé.

Iye méjì ló wà níbẹ̀. Guide price ni èyí tí gbogbo ayé ń rí, wọ́n sì sábà máa ń jẹ́ kó rẹlẹ̀ kí èrò lè pọ̀. Reserve price ni jálẹ̀. Bí oníṣòwò aṣọ ṣe máa ń fi jálẹ̀ rẹ̀ sínú, tí kò ní jẹ́ kí oníbàárà mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ náà ni. Àmọ́ oníṣòwò máa ń bẹ̀rẹ̀ láti òkè, á sì máa sọ̀ kalẹ̀. Ti gbàǹjo, láti ìsàlẹ̀ ló ti ń gòkè.

Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀lé níbẹ̀ ni pé kí reserve má fi ohun tó ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ ga ju guide price. Bí guide bá jẹ́ £180,000, £198,000 ni reserve lè ga mọ. Bí owó bá dúró sí £197,000, ilé kò tà. Bó bá kan £198,000, ó ti tà nìyẹn, kódà bó jẹ́ £220,000 lẹ ní lọ́kàn.

Ibí yìí ló ń bà mí lẹ́rù fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ jogún ilé. Oríṣi gbàǹjo méjì ló wà. Nínú àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní traditional, gbàrà tí àkókò bá pé, tí owó sì ti kan reserve, ni àdéhùn ti dè yín. Olùrà á san ìdá mẹ́wàá, ó sì sábà máa ń ní ọjọ́ 28 láti san ìyókù. Kò sí “ẹ jẹ́ kí n bi àwọn àbúrò mi léèrè” mọ́. Ẹ ti jọ fẹnu kò lórí jálẹ̀ ná kí ilé tó gorí ìkànnì. Oríṣi kejì, tí wọ́n ń pè ní conditional, kò dè yín bẹ́ẹ̀: olùrà á san owó ìdúró tí kì í gbà padà, á sì wá ní nǹkan bí ọjọ́ 56 láti parí ohun gbogbo. Bó bá sá, ilé ṣì wà lọ́rùn yín, owó ìdúró yẹn kì í sì sábà jẹ́ tiyín.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọkàn yín pami bó bá ku ìṣẹ́jú kan tí owó ṣì kéré. Lórí ọ̀pọ̀ ìkànnì, bí ẹnìkan bá fowó lé e nígbà tí àkókò fẹ́ tán, aago á tún sún síwájú.

Ìgbà mẹ́ta ló sún fún ẹ̀gbọ́n mi. £194,000 ló dúró sí, reserve sì jẹ́ £198,000. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ilé iṣẹ́ tó ń bá wọn tà á pe ẹni tó fi £194,000 lé e, pé ṣé ó lè fi díẹ̀ sí i. Ó fi £2,000 sí i, ẹ̀gbọ́n mi náà sọ jálẹ̀ wọn kalẹ̀, wọ́n sì tọwọ́ bọ̀wé.